Ìyípo Keje Àwòrò Sinimá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra kí n tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí n ó kọ sílẹ̀ yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí òkun tó ń hó lẹ́yìn ilé wa yìí wọlé wá gbé mi lórí ibùsùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé iná fún àwọn oníṣẹ́ sinimá ní Bombay. Orí àkàbà ni mo máa ń wà, mo sì máa ń rí ohun tí àwọn tó wà nílẹ̀ kò rí. Ẹni tó bá ní mo máa ń bu iyọ̀ sí ìtàn, kó lọ bi ìyàwó mi. Òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.

Dattu Jambhekar ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìgbéyàwó tó ti so lé ní irinwó, kò sì sí ẹyọ kan tó jẹ́ gidi nínú wọn. Àwòrò sinimá ni. Bí fíìmù kan bá ti fẹ́ kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ṣègbéyàwó níwájú iná, Dattu ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú orí rẹ̀ tó fá dán, ìdì irun kékeré tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn orí, ikùn tó yọ síwájú bí ìkòkò omi, àti okùn funfun àwọn àwòrò tó gbé kọ́ èjìká. Ó ti gbé ìyàwó fún òṣèré kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mọkànlá, ìyàwó mọ́kànlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìyàwó gidi ọkùnrin náà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó ń hun súwẹ́tà.

Àwòrò tòótọ́ ni bàbá rẹ̀, ní abúlé kan létíkun Konkan. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ Dattu ní gbogbo ẹsẹ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti mọ̀ wọ́n tán. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jogún tẹ́ńpìlì, Dattu sì jogún ọ̀nà Bombay. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé tẹ́ńpìlì kan ti gba òun síṣẹ́. Ìyá náà kú láìmọ̀ pé pátákó àti páálí ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ńpìlì ọ̀hún, àti pé bí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ṣe ilé ẹjọ́.

Ẹni tó bá lẹ́nu iṣẹ́ náà ni àgbà àwòrò sinimá kan tó ń jẹ́ Tryambak. Ọjọ́ kìíní gan-an ni bàbá yìí fà á sí kọ̀rọ̀.

"Dattu, fi etí sílẹ̀. Iná ni iná í jẹ́. Iná ò mọ̀ pé sinimá ni. Bí o bá ka ẹsẹ ọ̀rọ̀ yẹn pé, tí wọ́n sì yí iná po lẹ́ẹ̀meje, o ti so wọ́n pọ̀ nìyẹn, títí dé ayé méje mìíràn. Àwọn òbí wọn á wá fi bàtà nà ọ́. Ẹ̀kẹfà ni kí o ti máa dúró."

"Bí olùdarí bá ní kí n ṣe é dé méje ńkọ́, bàbá?"

"Olùdarí wo ló mọ oókà? Orin ni wọ́n máa fi bò ó mọ́lẹ̀."

Dattu gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń yípo, lẹ́yìn náà á súre, á da ìrẹsì tútù lé wọn lórí, ó tán. Kò sí ẹni tí kò mọ òfin náà nínú wa, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, ní ilé olóyàrá púpọ̀ tí gbogbo wa ń gbé ní Girgaon, Indumati ìyàwó rẹ̀ á ti gbóhùn sókè láti ìdí ààrò pé, "Èèyàn mélòó lẹ tàn jẹ lónìí?"

"Méjì péré ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fọwọ́, ìrẹsì ti ń tutù."

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń lọ títí ọ̀rọ̀ fi kan Ketaki àti Dilraj.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé lè má mọ̀ wọ́n. Nígbà yẹn, bí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú fíìmù, àwọn ọkùnrin á tò sórí ìlà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn abirùn á ní kí wọ́n gbé àwọn dé iwájú ilé sinimá. Ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn, kò sí olùdarí tó kọ́ wọn. Gbogbo Bombay ló mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ìyá Dilraj ní Delhi náà mọ̀, ó sì ti búra pé ọmọ olórin kan kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilé ìdáná òun níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí. Ọmọ olórin ni Ketaki lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ kọrin fún àwọn ọlọ́lá títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó sí i lọ́rùn rí.

Oṣù Kejì ọdún 1968 ni wọ́n ya ìgbéyàwó wọn nínú fíìmù kan. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Dattu jókòó lórí àpótí, ó ń mu tíì. Ketaki wá bá a. Ó ti wọ sárì pupa, ó ti lé tìróò, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

"Bàbá Àwòrò, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò jẹ. Láti àná ni mi ò ti fi nǹkan kan ẹnu."

Ife tíì dúró lágbede méjì kó tó dé ẹnu Dattu. Ìyàwó gidi ló máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó sinimá, àwo ọbẹ̀ ẹran méjì ló ń jẹ láàárọ̀ kó lè rókun dúró. Ketaki tú kókó etí sárì rẹ̀, ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan tó ní wúrà láàárín.

"Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sí mi lọ́rùn, onírọ́bà ni. Ẹ bá mi fi èyí rọ́pò rẹ̀. Mo rà á fúnra mi. Ta ni ì bá rà á fún mi?"

"Ṣé Dilraj mọ̀ sí i?"

"Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí, bàbá. Mo rí i." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpótí mú. "Ẹ bá mi ṣe é pé. Ẹ má dá nǹkan kan sí."

"Eré ni, ọmọ mi."

"Bó bá jẹ́ eré, kí ló dé tí ẹ máa ń dá ọ̀kan sí?"

Dattu wo ọmọbìnrin náà, ojú rẹ̀ ti jìn nítorí ebi, ètè rẹ̀ gbẹ lábẹ́ ọ̀dà pupa. Ó rántí bàbá tirẹ̀ àti pàṣán. Ó ní, "Mo gbọ́. Méje."

Orí àkàbà ni mo wà lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ròyìn rẹ̀ fún mi. Dattu kò kà bí àwòrò sinimá lọ́jọ́ yẹn. Ohùn bàbá rẹ̀ ló gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó so etí sárì Ketaki mọ́ ìborùn èjìká Dilraj, Dilraj fi ìlẹ̀kẹ̀ tí Ketaki rà sí i lọ́rùn, wọ́n dìde, wọ́n ń yípo. Èkíní fún oúnjẹ, èkejì fún agbára, ẹ̀kẹta fún ọlà. Olùdarí gbàgbé pé iṣẹ́ lòun ń ṣe, ó fi ẹnu sílẹ̀ ní yíyà. Ẹ̀kẹrin fún ayọ̀, ìkarùn-ún fún ọmọ, ẹ̀kẹfà fún ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n ti parí ẹ̀kẹfà, ẹnu Dattu ṣí, ìre ìparí ló sì jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti bọ inú àwo, ó ti da ìrẹsì lé wọn lórí. Òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè. Olùdarí kígbe pé, "Ó tó!" Àwọn tó ń gbé àga pàápàá ń nu ojú.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù, kì í ṣe ìkà. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró ní ẹ̀kẹfà ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Malúù tó ti ń yí ọlọ epo láti kékeré, bí o tú u sílẹ̀ nínú pápá, yíyí ni yóò máa yí.

Ẹnu ọ̀nà ló ti ń di okùn bàtà rẹ̀ kí ó tó yé e. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Ó tún un ṣírò. Ó bọ́ bàtà, ó sáré padà wọlé. Ketaki jókòó níwájú dígí. Àwọn tó ń kun ojú àwọn òṣèré fẹ́ nu osùn pupa, àmì ìgbéyàwó, tí Dilraj fi sí ìlà irun rẹ̀, kò gbà fún wọn. Ó rí Dattu nínú dígí, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Bàbá, méje pé, àbí? Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò ka nǹkan kan."

Bí Dattu bá ní "Kò pé," wọn ì bá tún iná dá, wọn ì bá rìn ín, ìṣẹ́jú kan péré ni. Ṣùgbọ́n Dilraj ti bọ́ sínú mọ́tò. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tú tẹ́ńpìlì palẹ̀. Dattu wo ojú yẹn nínú dígí.

"Ó pé," ó wí.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn ni Dilraj gbé ọmọ onílé-iṣẹ́ irin kan níyàwó ní Delhi, pẹ̀lú ẹṣin àti erin. Ketaki kò sunkún fún ẹnikẹ́ni rí. Dókítà kan wá láti Pune, ọmọlúwàbí ni, ó fẹ́ ẹ. Ẹnjiníà kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú náà wá. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n gbà: "Ẹ ṣé, mo ní ọkọ." Àwọn èèyàn rò pé ó ń fi wọ́n ṣeré. Òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó gbà pé ọkọ òun ń gbé ilé ẹlòmíràn ni. Ìyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ láyé.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìgbéyàwó fíìmù yẹn bá ti pé, páálí kékeré kan á dé yàrá Dattu. Peda ló wà nínú rẹ̀, àdídùn wàrà tí a fi ń dúpẹ́ oore. Méje géérégé ni. Dattu kò lè fi ọ̀kan kan ẹnu. Á pín in fún àwọn ará ilé, èmi náà jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Indumati, tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, á máa wò wá.

"Ẹ ò rí i bí gbogbo ilé yìí ti ń sanra lórí ẹ̀ṣẹ̀ yín," á wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ."

"N ó sọ. Jẹ́ kí ọdún yìí yí."

Ọdún yí, ọdún ń yí. Lọ́dún 1991 àyà Dilraj dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó kú. Ketaki fọ́ gbogbo ẹ̀gbà onídígí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó nu osùn kúrò lórí, ó wọ aṣọ funfun àwọn opó, ó lọ dúró sí ẹnu géètì ilé olóògbé. Àwọn ọlọ́dẹ kò jẹ́ kó wọlé. Àwọn oníwèé ìròyìn ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé eré yìí ló dára jù nínú gbogbo eré tó ti ṣe. Dattu fi ìwé ìròyìn yẹn sábẹ́ ẹní rẹ̀. Mo mọ̀, mo rí i.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún 1997 parí nígbà tí Tushar Bhalla ránṣẹ́ pè é. Ọ̀dọ́mọdé olùdarí ni Tushar, kò ì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń fi dígí dúdú sójú nínú ilé. Fíìmù ìfẹ́ kan ló ń ṣe. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé kò bá ẹnikẹ́ni wí, láàyè tàbí lókùú. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń jẹ́ Dilbar, obìnrin inú rẹ̀ ń jẹ́ Ketki, ìyá ọkùnrin sì wà ní Delhi. Ẹ ti rí i pé kò bá ẹnikẹ́ni wí.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe àwòrò yẹn," Tushar wí. "Àwòrò tó so wọ́n nígbà náà ló tún máa so wọ́n báyìí. Ẹ wá wo nǹkan kan. Mo rí agolo fíìmù àtijọ́ nínú yàrá ìkẹ́rùsí kan, gbogbo ìyípo ló wà nínú rẹ̀, wọn ò tíì gé e rárá."

Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fíìmù. Ketaki yọ lójú gíláàsì kékeré náà, bí ọmọdé, bí ìgbà tí ebi ń pa á. Tushar ń ka ìyípo lóhùn jẹ́jẹ́, ó ń fi ìka kan tábìlì. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mẹ́fà. Ìrẹsì fò sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá fíìmù dúró. Ó dá a padà. Ó tún un kà.

"Bàbá! Mẹ́fà ni!"

Dattu gbé ojú kúrò lára gíláàsì náà.

"Mẹ́fà ni, Ọlọ́run mi!" Tushar dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Arábìnrin yìí ti ń wọ aṣọ opó káàkiri ìgboro láti ọdún mẹ́fà, kò sì ṣègbéyàwó rárá! Ìparí fíìmù mi nìyí. Obìnrin náà ti darúgbó, ó wọnú ilé sinimá tó ṣófo, ó wo fíìmù ara rẹ̀, ó kà á... mẹ́fà. Ojú rẹ̀ kún gbogbo aṣọ funfun ara ògiri yẹn. Ó parí. Àwọn èèyàn ò ní lè dìde lórí àga!"

"Tushar, ọmọ mi, mo fi ọjọ́ orí mi bẹ̀ ọ́. Obìnrin náà ń bẹ láyé. Kíndìnrín ń pa á lọ ní Versova. Jẹ́ kó kú ná."

"Bàbá, Ketki lèmi ń sọ. Ta ni tiyín?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Dattu lọ sílé láìwọkọ̀, ó gba Dadar rìn dé Girgaon. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ti lọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òtítọ́ sì ń bọ̀ wá lé e bá pẹ̀lú orin, ijó àti ìpolówó ara ògiri.

Èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya ìgbéyàwó inú fíìmù Tushar kò ju ẹyọ kan lọ: òun á gbé àwọn ọmọ méjèèjì yí iná náà po dé ẹ̀keje. Bí méje bá ti wà nínú kámẹ́rà, bóyá Tushar á ríran, á jọ̀wọ́ ìparí tó ní lọ́kàn. Ó dúró ti iná. Afẹ́fẹ́ gáàsì ni wọ́n fi ń dá iná níbi iṣẹ́ báyìí, ọkùnrin kan jókòó ti agolo rẹ̀ lẹ́yìn páálí. Ọmọbìnrin tó ń ṣe Ketki ń jẹ́ Pallavi, ó ń jẹ gọ́ọ̀mù láàárín ìyípo kan sí òmíràn. Wọ́n parí ẹ̀kẹfà. Dattu fi eyín di ètè mọ́lẹ̀ kí ìre má baà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ keje.

"Ó tó!" Tushar ké. "Ó dára gan-an!"

Fùù, iná kú. Ẹni tó wà nídìí gáàsì ti yí i pa. Dattu ṣì ń kà á, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n máa bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ẹ rìn ín, ọmọ mi."

Pallavi tú kókó aṣọ tí wọ́n fi so ó mọ́ ọkùnrin náà. "Háà, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ gbé mi fún eléyìí lóòótọ́ ni? Ẹnu rẹ̀ ń rùn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dattu nìkan ló dúró síwájú òkìtì igi onírọ́bà tí iná ti kú lórí rẹ̀.

Indumati gbọ́ ọ, ó fi ìgbakọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó tó báyìí. Ẹ lọ. Bó bá máa gbọ́ ọ, ẹnu tó kọ peda rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni kó ti gbọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, ó dé Versova. Shevanti tó ń tọ́jú Ketaki ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹsẹ̀ Ketaki ti wú, ojú rẹ̀ ti wú, ó dùbúlẹ̀ nínú sárì funfun tó mọ́ nigínnigín, ṣùgbọ́n bó ti rí Dattu ló na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti ń kí àgbà.

"Bàbá Àwòrò. Mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ wá di fíìmù. Ta ló ṣe èmi?"

"Ọmọ kan báyìí tó ń jẹ gọ́ọ̀mù."

"Ṣé ó ga? Ẹ sọ fún mi pé ó ga."

"Ketaki, ọmọ mi, mẹ́fà ni."

"Mẹ́fà kí ni?"

"Ìyípo. Ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kẹfà ni mo dúró sí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àṣà ẹnu ló gbé mi. Nígbà tí o sì bi mí nídìí dígí, irọ́ ni mo pa."

Shevanti tó ń pa ẹ̀wà tútù ní kọ̀rọ̀ dá ọwọ́ dúró. Fáànù òkè ń yí, ó ń dún gì, gì. Ketaki ń wo Dattu bí ẹni pé ó ń dúró kó parí àwàdà.

"Ta ló ní kí ẹ wá sọ fún mi?"

"Fíìmù yẹn. Olùdarí náà ti kà á, òun ló fẹ́ fi parí eré. Mo ní kó má jẹ́ ibẹ̀ ni wàá ti gbọ́."

Ketaki rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Fíìmù, Bàbá? Ọgọ́ta fíìmù ni mo ṣe. Mo kú nínú mẹ́tàdínlógún. Mo fọ́jú, mo ríran padà, mo bí ìbejì tí ejò jí gbé. Ta ló ń gba fíìmù gbọ́? Ká ní àwọn ló sọ ọ́, n bá ní irọ́ ni, n bá yíjú sí ògiri, n bá sùn. Ẹ̀yin nìkan láyé yìí ni mi ò lè pè ní onírọ́."

Ketaki fa etí sárì funfun ara rẹ̀.

"Opó ta wá ni mí?"

Ẹ̀fúùfù òkun mi aṣọ fèrèsé.

"Shevanti, gbé sárì pupa yẹn wá."

"Màdáámù, ara yín ò le, ẹ jẹ́ kó di—"

"Mo ní gbé e wá! Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wọ funfun ṣọ̀fọ̀ ọkọ ọlọ́kọ."

Dattu dìde láti ràn án lọ́wọ́. Ketaki gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló burú.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹ ti ṣe é pé báyìí. Ẹ ò dá nǹkan kan sí mọ́."

Ọjọ́ karùn-ún ló kú. Àwọn obìnrin àdúgbò tó wá wẹ̀ ẹ́ kò mọ aṣọ tí wọn yóò wọ̀ fún un. Opó ni tàbí ọmọge? Wọ́n ń jiyàn lórí òkú. Shevanti ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní pupa ló wọ̀ sùn, pupa náà ni wọn yóò fi sun ún. Dattu wà níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Wọn kò ní kó ka ohunkóhun.

Fíìmù Tushar jáde ní Oṣù Kejì. Indumati fa ọkọ rẹ̀ lọ wò ó ní Dadar, èmi náà tẹ̀lé wọn. Ilé sinimá kún fọ́fọ́. Nígbà tí ìgbéyàwó dé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyípo pẹ̀lú orin: "Ẹyọ kan! Méjì! Mẹ́ta!" Dattu di apá àga mú. "Márùn-ún! Mẹ́fà!" Ìrẹsì kò fò. Àwọn ọmọ náà tún ń yípo. "Méje!" Fèrè ń dún, owó wẹ́wẹ́ ń fò lu aṣọ funfun ara ògiri. Dattu mọ ìyípo yẹn. Àkọ́kọ́ ni, wọ́n kàn gé e, wọ́n tún un lẹ̀ mọ́ ìparí. Kò sí arúgbó tó ń ka mẹ́fà nínú ilé sinimá òfìfo. Ọkọ àti ìyàwó wọnú ọkọ̀ ojú omi, ó parí.

Ẹnu ọ̀nà la ti bá Tushar, àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá! Ẹ ti wò ó? Ẹni tó náwó sí i ni o. Ó ní ta ló fẹ́ sunkún lọ sílé, kí n fún wọn ní méje wọn. Mo kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ wo èrò!"

"Ọjọ́ wo lẹ yí i padà?" Dattu bi í.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a yà á gan-an. Kí ló dé?"

Indumati di apá ọkọ rẹ̀ mú. Ọjọ́ méjì ṣáájú kí Dattu tó lọ sí Versova ni. Kò sí ohunkóhun nínú fíìmù náà tí ì bá dé etí Ketaki.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ ìgbéyàwó Ketaki àti Dilraj tún pé. Shevanti gun àtẹ̀gùn wa pẹ̀lú páálí kékeré kan lábẹ́ apá. Ó ní ọjọ́ kejì tí Dattu wá ni Màdáámù ti fi lé òun lọ́wọ́, pé bí ọjọ́ bá pé kí òun gbé e wá. Dattu ṣí i. Ó kà á. Mẹ́fà ni. Kò pín in fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn. Ó jókòó sórí ẹní, ó jẹ wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé àti ikun ń ṣàn sí i, Indumati sì jókòó tì í. Kò dé ibi iṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Irun hù lórí rẹ̀ tó máa ń fá. Ìgbà òjò ọdún yẹn ló gbé e lọ.

Mo ti búra níbẹ̀rẹ̀, òkun sì wà lẹ́yìn ilé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ohun kékeré kan wà tí mo fọwọ́ kàn. Peda ọdún yẹn kì í ṣe mẹ́fà. Méje ló wà nínú páálí náà, bí ó ti máa ń rí. Lórí àtẹ̀gùn, kó tó dé ọwọ́ Dattu, èmi ni mo mú ọ̀kan kúrò.